Fíìmù àtijọ́ ti ọ̀daràn, ti àwàdà àti ti ogun: èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Òǹwòran_Tuntun
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Fíìmù ìwòyí ti sú mi díẹ̀. Kí n tó jókòó dáadáa ni mo ti mọ ẹni tó máa kú àti ẹni tó máa gbẹ̀san. Wọ́n ní kí n padà sí ti àtijọ́, àwọn tí wọ́n ti ṣe kó tó di ọdún 1970. Mo fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn, mo fẹ́ràn àwàdà, mo sì fẹ́ràn ti ogun, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí àwòrán dúdú àti funfun báyìí, oorun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn to orúkọ sílẹ̀ fún mi, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ tó fi yẹ kí n jókòó tì í. Ẹ má sì sọ òpin rẹ̀ o.

Baba_Sinimá
Àbúrò, káàbọ̀. Àwọn tó ń ṣe fíìmù nígbà yẹn kì í kánjú, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń kùn ọ́. Mú èyí tí kò ní fi ojú rẹ sílẹ̀ kó máa rìn kiri. 12 Angry Men ni, Sidney Lumet ló darí rẹ̀ ní 1957, kò sì tó wákàtí méjì. Ọkùnrin méjìlá tí ilé ẹjọ́ yàn láti dájọ́ ni wọ́n tì mọ́ yàrá kan nínú ooru. Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí bóyá ọmọkùnrin kan ló gún bàbá rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, ikú ni. Àwọn mọ́kànlá ti gbà pé ó jẹ̀bi, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń ronú bọ́ọ̀lù tó fẹ́ lọ wò. Henry Fonda nìkan ló ní ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síwá sẹ́yìn ná.

Wọ́n ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi pa bàbá náà kò wọ́pọ̀, pé irú rẹ̀ ṣòro rí. Fonda dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìkejì rẹ̀ jáde, ó sì gún un mọ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sùn lẹ́yìn ìyẹn, kó yáa lọ sùn lóòótọ́.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ojú lásán kì í tètè rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà ń wo àwọn ọkùnrin náà láti òkè díẹ̀. Tó bá yá, ó bá wọn dọ́gba. Nígbà tó bá máa fi parí, ìsàlẹ̀ ló ti ń wò wọ́n, òrùlé yàrá sì ti hàn lórí wọn. Lumet tún ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì bí eré ṣe ń lọ, sí irú èyí tó ń fa ògiri ẹ̀yìn súnmọ́ni. Yàrá kan náà ni, ṣùgbọ́n á máa há mọ́ ọ títí wàá fi fẹ́ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ ṣeun, Baba. Àwọn tó ń dájọ́ la rí nínú ìyẹn, a ò tíì rí ọ̀daràn. Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ti wo èyí tí Baba sọ, M ni kó kàn, fíìmù Jámánì tí Fritz Lang ṣe ní 1931.

Ọkùnrin kan ń pa àwọn ọmọdé nínú ìlú. O ò ní rí i níbi tó ti ń pa ẹnikẹ́ni. Ìyá kan ni wàá rí tó ti gbé àwo sórí tábìlì fún ọmọ rẹ̀, tó ń wo aago, tó wá ń pe “Elsie! Elsie!” Kámẹ́rà wo àtẹ̀gùn ilé, kò sí ẹnì kankan. Ó wo àwo, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bọ́ọ̀lù ọmọ náà yí jáde látinú koríko, ó dúró. Bàlúùnù tí ọkùnrin náà rà fún un há mọ́ wáyà lókè. Kò ju ìyẹn lọ. Mo dá a dúró níbẹ̀, mo lọ yọjú wo àwọn ọmọ mi níbi tí wọ́n sùn sí.

Ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú sinimá nígbà náà ni, fíìmù olóhùn tí Lang kọ́kọ́ ṣe sì nìyí, àmọ́ wo bó ṣe lò ó. Apànìyàn náà máa ń súfèé orin kan tí Grieg, olórin ará Norway, kọ bí ọkàn ibi bá ti gbé e. Peter Lorre tó ṣe é kò mọ̀ ọ́n sú, Lang fúnra rẹ̀ ló sú u. Ẹni tó wá dá súfèé náà mọ̀ ni afọ́jú tó ń ta bàlúùnù. Àwọn olè àti alágbe ni wọ́n sì wà lẹ́nu ìlépa rẹ̀, nítorí pé àwọn ọlọ́pàá ti ń ya lu ilé ọtí lóròòru títí iṣẹ́ olè ò fi lọ déédéé mọ́. Wàá rẹ́rìn-ín sí bí àwọn olè ṣe ń ṣèpàdé bí ìjọba, ẹ̀rù á sì máa bà ọ́ lọ́wọ́ kan náà.

Lẹ́yìn rẹ̀, Double Indemnity, Billy Wilder, 1944. Ìwọ tó ní o máa ń tètè mọ ibi tí ìtàn ń lọ, Wilder á sọ ọ́ fún ọ níbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ adójútòfò kan wọ ọ́fíìsì lóru, ó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ní òun lòun pa ọkùnrin kan, nítorí owó àti nítorí obìnrin, òun ò rí owó, òun ò sì rí obìnrin. Kí ló wá kù tí a ń wò? Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, àti Keyes (Edward G. Robinson), àgbà kan ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí imú rẹ̀ ń gbóòórùn irọ́. Ṣọ́ ìṣáná. Keyes kì í ní ìṣáná lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ adójútòfò náà ló máa ń ṣá a fún sìgá rẹ̀. Ẹnu mi ò ní kọjá ibẹ̀.

Akérékorò
Fún ti ọ̀daràn, ẹ fi High and Low ti Kurosawa kún un, Japan, 1963. Ajínigbé fẹ́ jí ọmọ olówó kan gbé, ọmọ awakọ̀ rẹ̀ ló ṣèèṣì gbé, síbẹ̀ ó ní kí olówó san owó ìtúsílẹ̀ náà. Bó bá san án, ọrọ̀ rẹ̀ ti tán. Ìdajì fíìmù náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní pálọ̀ ọkùnrin náà lórí òkè. Ìdajì kejì sọ̀ kalẹ̀ sínú ìlú pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá. Kò sí èyí tó dùn ju ìkejì lọ.

Aláwàdà_Ilé
Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀ o, ẹ ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rù!

Òǹwòran, gbọ́ ìmọ̀ràn tèmi: má ya ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí wọ́n ti pàdé ara wọn ló máa ń dùn jù. Méjì wà tí mo máa ń ní kí èèyàn wò tẹ̀lé ara wọn, bó ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan náà, bó ṣe lọ́jọ́ kejì.

Èkíní ni Rififi, tí Jules Dassin ṣe ní Faransé ní 1955. Ará Amẹ́ríkà ni Dassin, Hollywood ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí òṣèlú, pé ó ti bá àwọn kọ́múníìsì rìn. Nínú fíìmù yìí, olè mẹ́rin fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù oníwúrà. Ilé tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n wọ̀, wọ́n wá ń dá ilẹ̀ ibẹ̀ lu. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sí orin. Wọ́n ti agbòòrùn bọ inú ihò kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ lu, wọ́n ṣí i níbẹ̀ kó lè máa gba èérún sìmẹ́ǹtì, kí ohunkóhun má bàa já lu ilẹ̀ kí aago ìdágìrì sì dún. Mo wò ó pẹ̀lú àwọn tí ẹnu wọn kì í sinmi, gbogbo wọn pa lọ́lọ́. Dassin fúnra rẹ̀ wà lára àwọn olè náà, òun ló ṣe onímọ̀ àpótí owó.

Èkejì ni I soliti ignoti ti Mario Monicelli, Ítálì, 1958. Big Deal on Madonna Street ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olè burúkú kan fẹ́ ṣe ohun tí àwọn ti Rififi ṣe. Mo ní olè burúkú, iṣẹ́ ni wọn ò mọ̀ o. Ọ̀kan nínú wọn, Marcello Mastroianni, ní láti máa gbé ọmọ ọwọ́ kiri nítorí ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí àpótí owó lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan, Totò, tó ń kọ́ wọn lórí òrùlé ilé bí tíṣà. Nígbà tí wọ́n bá wá dé ìdí ògiri tí wọ́n fẹ́ lu... ó tó. Bí o kò bá tíì wo Rififi, wàá rẹ́rìn-ín. Bí o bá ti wò ó, ẹ̀gbẹ́ á máa dùn ọ́.

Some Like It Hot náà ńkọ́, ti Billy Wilder kan náà, 1959? Ìpakúpa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àwọn ọmọ ìta yìnbọn pa ara wọn ní gáréèjì kan ní Chicago ní 1929, èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ Falẹntáìnì. Olórin méjì ló rí wọn, ni wọ́n bá wọ aṣọ obìnrin, wọ́n sá sínú ẹgbẹ́ olórin obìnrin. Ìwọ tí o sì ń sá fún dúdú àti funfun, mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fi àwọ̀ dán an wò, àtíkè ojú Tony Curtis àti Jack Lemmon, tí wọ́n ṣe olórin méjì náà, ń hàn bí ewé.

Ìyá_Ìbejì
Aláwàdà, o gbàgbé Kind Hearts and Coronets, 1949. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń pa àwọn ẹbí tó dí i lọ́nà oyè lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwà ọmọlúwàbí. Alec Guinness ló ṣe mẹ́jọ nínú ẹbí náà, ọkùnrin àti obìnrin.

Aláwàdà_Ilé
Mi ò gbàgbé o, Ìyá wa, mo ń fi í pamọ́ ni. Ẹ ṣé.

Ọmọ_Sójà
Ẹ kú ìjíròrò. Ti ogun kù. Ọ̀nà kan wà tí mo fi máa ń mọ fíìmù ogun tó yẹ kí n wò: mo máa ń bèèrè ẹni tó fòfin dè é.

All Quiet on the Western Front, Lewis Milestone, 1930. Amẹ́ríkà ló ṣe é, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ọmọ ilé ìwé Jámánì ni, tí tíṣà wọn fi ọ̀rọ̀ dídùn tì wọ́n sínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Berlin ní December 1930, Goebbels, ọ̀kan lára àwọn olórí Násì, ẹgbẹ́ Hitler, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ sinimá, wọ́n tú eku funfun sílẹ̀, wọ́n ju ohun tó ń rùn. Láìpẹ́ ọjọ́, ìjọba Jámánì fòfin dè é, Násì kò sì tíì gorí àlééfà nígbà náà rárá. Wá wo ìran bàtà níbẹ̀. Ọmọ ogun kan ní bàtà rírọ̀ tó dára, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo bàtà náà. Bàtà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹsẹ̀ ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ló máa ń yọ lójú àwòrán, o ò ní láti béèrè ibi tí olówó bàtà lọ.

Paths of Glory, Stanley Kubrick, 1957. Ọ̀gágun Faransé kan fẹ́ ìgbéga, ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ gba òkè tí kò ṣeé gbà. Nígbà tí kò bọ́ sí i, wọ́n ní kí wọ́n yan ọmọ ogun mẹ́ta kí wọ́n yìnbọn pa wọ́n, pé ojo ni wọ́n. Kirk Douglas ló ń gbèjà wọn. Ó di 1975 kí wọ́n tó fi hàn ní Faransé.

Ti Faransé fúnra wọn ni La Grande Illusion, Jean Renoir, 1937. Fíìmù ogun ni, kò sí ìjà ogun kankan nínú rẹ̀, inú àgọ́ àwọn tí ọ̀tá mú ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Renoir ti wa ọkọ̀ òfuurufú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, aṣọ rẹ̀ àtijọ́ ni Jean Gabin sì wọ̀ nínú eré. Goebbels tún kórìíra èyí náà gan-an.

Èyí tó ń gbé mi lọ́kàn jù ni The Battle of Algiers, Gillo Pontecorvo, 1966, lórí bí àwọn ará Àlgéríà ṣe bá Faransé jà fún òmìnira. Gbogbo ẹni tó bá wò ó ló máa ń rò pé wọ́n ya ogun gan-an ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ìṣẹ́jú kan tí wọ́n yọ látinú ìròyìn àtijọ́. Àwọn ará ìlú ló kún inú rẹ̀. Nínú àwọn tó kó ipa pàtàkì, Jean Martin tó ṣe ọ̀gágun Faransé nìkan ni òṣèré tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun. Saadi Yacef, tó wà lára àwọn aṣáájú ìjà náà lóòótọ́, ló ṣe irú ara rẹ̀ nínú eré, lójú àwọn òpópónà tí ó ti jà. Ìran kan wà níbẹ̀: obìnrin mẹ́ta gé irun wọn, wọ́n múra bí ará Yúróòpù, wọ́n gbé bọ́ǹbù sínú báàgì kọjá lójú àwọn sójà. Ọ̀kan jókòó sínú ilé ọtí, kámẹ́rà wá ń wo ojú àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọdé kan ń lá áísìkiriìmù. Pontecorvo wà lẹ́yìn àwọn ará Àlgéríà, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò jẹ́ kí a gbójú kúrò. Faransé ò gbà kí wọ́n fi í hàn fún ọdún bíi mélòó kan.

Baba_Sinimá
Ọmọ Sójà, o ṣeun, ṣùgbọ́n ìwọ ò jẹ́ kí èèyàn gbádùn ogun rárá! The Great Escape ńkọ́, 1963? Steve McQueen lórí alùpùpù?

Ọmọ_Sójà
Baba, ẹ má bínú, eré ìdárayá nìyẹn. Mo gbádùn rẹ̀, àmọ́ kí àbúrò wa mọ ohun tó ń wò. Ní March 1944, èèyàn 76 ló gba ihò abẹ́ ilẹ̀ jáde kúrò ní àgọ́ tí Jámánì kó àwọn sójà tí wọ́n mú sí. Mẹ́ta péré ló rí ọ̀nà lọ. Wọ́n mú àwọn yòókù, Násì sì pa 50 nínú wọn. Ìyẹn wà nínú fíìmù, wọn ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ará Amẹ́ríkà nínú àwọn 76 yẹn, alùpùpù náà ò sì ṣẹlẹ̀. Nínú fíìmù gan-an, Bud Ekins ló bá McQueen fi alùpùpù fo wáyà kọjá.

Baba_Sinimá
Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún ń wò ó. Ìtàn ni mo jókòó tì, n kò jókòó ti ìwé ìròyìn. Bí fíìmù bá máa jẹ́ òótọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀, a ò ní rí The Bridge on the River Kwai náà wò. Àbúrò, wo ìyẹn lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, ó gùn. David Lean, 1957. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Japan mú, wọ́n ní kó kọ́ afárá fún wọn. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó jìyà. Nígbà tó wá gbà, ó kọ́ ọ dáadáa, ó fi ọkàn kọ́ ọ, ó gbàgbé ẹni tó ń kọ́ ọ fún. Ìgbéraga oníṣẹ́ tó dára, mi ò tíì rí fíìmù míì tó sọ ọ́ báyẹn. Àwọn tó kọ ìtàn eré náà, Carl Foreman àti Michael Wilson, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tó jáde, torí pé Hollywood ti fòfin de àwọn náà nítorí òṣèlú, bíi Dassin. Pierre Boulle tó kọ ìwé ìtàn rẹ̀ lédè Faransé ni wọ́n fún ní Oscar. Àwọn méjèèjì ti kú kí wọ́n tó fún wọn ní tiwọn.

Òǹwòran_Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wo 12 Angry Men, n kò sùn, mo tú bọ́tìnnì lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: Aláwàdà ní kí n máa wo èyí tí ẹ̀ka méjì ti pàdé. Àwàdà àti ogun ńkọ́? Ṣé ó tọ́ kí èèyàn máa rẹ́rìn-ín sí Hitler?

Aláwàdà_Ilé
Ìbéèrè tí Charlie Chaplin, aláwàdà ńlá náà, fúnra rẹ̀ bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjọ́ ìbí òun àti Hitler, ní April 1889. Nígbà tó ṣe The Great Dictator ní 1940, òun ló ṣe aláṣẹ burúkú náà, òun náà ló ṣe onígbàjámọ̀ Júù tó jọ ọ́. Ìran kan wà tí aláṣẹ náà ń fi bàlúùnù tó rí bí ayé jó, ó ń fi ìdí gbá a, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọdé. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1964, Chaplin ní ká ní òun mọ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgọ́ ìpakúpa ṣe burú tó ni, òun ò bá má lè ṣe fíìmù náà. Fi ìyẹn sọ́kàn bí o bá ń wò ó. Èmi ò rò pé ó yẹ kó kábàámọ̀.

To Be or Not to Be ti Ernst Lubitsch, 1942, le jù ú lọ lójú tèmi. Ẹgbẹ́ òṣèré ní Warsaw ń fi aṣọ eré tan Násì jẹ. Júù ni Lubitsch, Berlin ni wọ́n bí i sí. Carole Lombard tó ṣe aya àgbà òṣèré níbẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní January 1942, kí fíìmù náà tó jáde. Inú bí àwọn ènìyàn sí i nígbà náà pé ó fi ìyà Poland ṣeré. Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e ló yí wọn lọ́kàn padà.

Dr. Strangelove, 1964, ti Kubrick. Ìwé ìtàn tó gbé e jáde kò ní ẹ̀rín kankan nínú. Kubrick fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni, àmọ́ bó ṣe ń kọ ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì yìí, ẹ̀rín ló ń bọ́ jáde. Peter Sellers ṣe èèyàn mẹ́ta níbẹ̀.

Akérékorò
Kò sẹ́ni tó dárúkọ The General? Buster Keaton, 1926. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ọ̀tá jí gbé, èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní 1862. Keaton jókòó sórí irin tó ń yí àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́ torí obìnrin kan, kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń lọ, irin náà wá ń gbé e lọ sókè, gbé e bọ̀ nílẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà rárá. Ọkọ̀ gidi ló já látorí afárá tó ń jó sínú odò níparí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè yà á. Owó rẹ̀ ò wọlé nígbà tó jáde.

Nítorí pé fíìmù aláìlóhùn ni, ìmọ̀ràn díẹ̀. Orí ayélujára kún fún ẹ̀dà burúkú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà náà, bí wọ́n bá wá fi ìyára òde òní gbé e jáde láìtún un ṣe, gbogbo èèyàn á máa sáré bí èèrà. Wá ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe, tó ní orin tí wọ́n dìídì kọ fún un. M náà bẹ́ẹ̀: àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ti gé kúrú pọ̀, wá èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Sá fún èyíkéyìí tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà kùn ní àwọ̀. Fún ti Faransé, Ítálì àti Japan, ohùn wọn gan-an ni kí o gbọ́, kí o máa ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bo ohùn rẹ̀ ti pa ìdajì eré náà.

Ìyá_Ìbejì
Má sì wo Rififi lórí fóònù nínú ariwo o. Ìdajì wákàtí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn nílò yàrá tó dákẹ́.

Òǹwòran_Tuntun
Ó yé mi, ẹ̀yin àgbà. M lálẹ́ òní, Rififi àti ti Ítálì lópin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà The General. Ti ogun á dúró díẹ̀, àyà mi ò tíì gbà á. Ìyá Ìbejì, ta ni ẹ ní ó súfèé náà?

Ìyá_Ìbejì
Lang ni. Ṣùgbọ́n Lorre ni wàá máa rò.